Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Hatıl Tó Ti Jẹrà Nínú Ògiri Òkúta Mọ́sálásí Abúlé

Ògiri mọ́sálásí yọ ikùn, wọ́n pe bíríkìlà. Bíríkìlà gbẹ́ igi tó ti jẹrà kúrò, ó fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ihò, ó kùn ún ní funfun, ó gba owó rẹ̀. Òjò dídì ọdún mélòó kan kò ní tíì yọ́ tán tí ikùn náà yóò tún fi yọ, tí yóò sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí iṣẹ́ hatıl ṣe ń bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ abúlé Anatolia, ní ilẹ̀ Túrkì, nìyẹn.

Hatıl ni igi méjì tí wọ́n tẹ́ gbọọrọ sínú ògiri òkúta, ọ̀kan lójú òde, èkejì lójú inú, tí àwọn igi ìdábùú kéékèèké so pọ̀ bí àkàbà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Bí ògiri bá ga tó nǹkan bíi mítà kan, wọ́n á tẹ́ òmíràn lé e. Ògiri òkúta abúlé kì í ṣe odindi: ojú méjì ni, òkúta wẹ́wẹ́ àti amọ̀ ló wà láàrin wọn. Hatıl ló ń di ojú méjèèjì mú kí wọ́n má baà kọ ara wọn sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá yọ igi tó fi sìmẹ́ǹtì rọ́pò rẹ̀ kò tíì tún ohunkóhun ṣe. Ó kàn dí ihò ni.

Ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí pípààrọ̀ igi òde hatıl kan tó gùn ní mítà 4.8 lára ògiri tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 70. Bí igi inú náà bá ti jẹrà, ẹ parí ti òde ná, ẹ jẹ́ kó lo oṣù kan gbáko, kí ẹ tó ṣe ti inú lọ́nà kan náà. Ẹ má ṣí méjèèjì pa pọ̀ láé.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí mọ́sálásí náà bá wà lábẹ́ ààbò Òfin 2863 ti ọdún 1983, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ òkúta kan níbẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìdáàbòbò ohun àjogúnbá ti agbègbè náà. Kí ẹ tó ra igi ni kí ẹ ti béèrè.

Ohun tí ẹ nílò

- Igi onígun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, mítà 7. Mítà 6 ni iṣẹ́ yóò jẹ, mítà 1 tó kù wà fún àṣìṣe.
- Igi ìdábùú, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, ẹyọ 9, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó bí ògiri ṣe nípọn.
- Láìmù tó lè gan nínú ọ̀rinrin, irú tí wọ́n ń kọ NHL 3.5 sí lára, àpò oníkílò 25 mẹ́ta.
- Yanrìn tó rí ṣákiṣàki lọ́wọ́, tí kò ní amọ̀ nínú, bárò 3.
- Òkúta pẹlẹbẹ tó le, tó nípọn láti sẹ̀ǹtímítà 1 dé 3, kún korobá 4.
- Ìṣó ìdè àti bóòtù irin tí kì í dípẹtà.
- Òpó ìtìlẹ́yìn onírin tó ṣeé yí gùn, ó kéré tán 4, pẹ̀lú pákó nínípọn fún ìsàlẹ̀ àti òkè wọn.
- Ayùn ọwọ́, kísẹ́ẹ̀lì, òòlù, okùn ìwọ̀n tó ní irin lẹ́sẹ̀, lẹ́fẹ́ẹ̀lì, irin ṣóńṣó, mítà tó ń wọn ọ̀rinrin igi, àti bọ́rọ́ọ̀ṣì líle.
- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ìdáàbòbò ojú. Láìmù máa ń jó ojú, kì í ṣe eré.

Lórí irú igi: kestane (igi tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní chestnut) ni wọ́n ń lò jù ní etí Òkun Dúdú, óákù tàbí ardıç (juniper) sì ni àwọn abúlé orí òkè ń lò. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ọkàn igi nìkan ni kí ẹ lò. Ara rẹ̀ tó funfun lábẹ́ èèpo ni kòkòrò máa ń kọ́kọ́ jẹ. Igi tútù máa ń gba bí ọdún kan kó tó gbẹ fún sẹ̀ǹtímítà 2.5 kọ̀ọ̀kan tó nípọn, ìyẹn ni pé igi oní-sẹ̀ǹtímítà 10 á gba bí ọdún mẹ́rin. Ta ló fẹ́ dúró? Igi láti ilé àtijọ́ tí wọ́n wó ló dára jù. Ó ti gbẹ, ó ti ká gbogbo kíká tó fẹ́ ká. Kí ẹ ṣáà rí i pé mítà ọ̀rinrin kò ka ju 18 nínú 100 lọ.

Ìpele 1: Ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé

Igi tó wà ní gbígbẹ kì í jẹrà. Mọ́sálásí Mahmut Bey tó wà ní abúlé Kasaba, ní Kastamonu, tí wọ́n kọ́ ní 1366, ṣì dúró lórí òpó igi rẹ̀ nínú ògiri òkúta títí di òní. Nítorí náà, tí hatıl bá jẹrà, omi kan ń ti ibì kan bọ̀, bí ẹ bá sì pààrọ̀ igi láìdí omi náà, ẹ ó tún padà wá.

Ẹ yẹ ibi mẹ́rin wò ní títẹ̀léra. Etí òrùlé ni àkọ́kọ́: ó yẹ kó yọ kọjá ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 50 ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ ògiri níta: ilẹ̀ máa ń ga sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí yóò fi bo ìpìlẹ̀ dé hatıl ìsàlẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ wálẹ̀ kó lè rọ̀ kúrò lára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 5 fún mítà kan. Ẹ̀kẹta ni ibi àlùwàlá. Bí ẹ̀rọ omi bá wà lára ògiri tí omi rẹ̀ ń dà sí ẹsẹ̀ ògiri náà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ẹ má wá ẹlẹ́ṣẹ̀ mìíràn. Ẹ̀kẹrin ni sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ara ògiri. Omi máa ń gba ojú sísán wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́, hatıl á wá máa mu ún bí fóòmù.

Àwọn pákó bàtà tí wọ́n ń tò sí ẹnu ọ̀nà náà máa ń fi ọ̀rinrin pamọ́. Ẹ sún wọn kúrò kí ẹ tó sọ pé ògiri gbẹ.

*Àyẹ̀wò:* lẹ́yìn tí ẹ bá ti dí ọ̀nà omi, ẹ wọn ọ̀rinrin igi tó ṣì dáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó jẹrà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí nọ́ńbà náà bá ń wálẹ̀, tó sì ti wọ abẹ́ 20, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Bí kò bá wálẹ̀, omi ṣì ń wọlé.

Ìpele 2: Ẹ ka ara ògiri

Ẹ gbá òòlù kékeré lé igi náà láti ìkangun dé ìkangun. Igi tó dáa máa ń dún *gan-an*, bí ohun tó le, èyí tó jẹrà á dún bí àpótí òfìfo. Níbi tí ohùn bá ti yí padà, ẹ gún un ní irin ṣóńṣó. Bí irin bá wọlé ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ láìfi agbára tì í, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ẹ tẹ̀ síwájú títí ẹ ó fi bá ibi líle pàdé ní apá méjèèjì, kí ẹ wá fi sẹ̀ǹtímítà 30 kún un ní apá kọ̀ọ̀kan, nítorí ara igi tó dáa ni igi tuntun yóò gùn lé. Nínú mítà 4.8 wa, mítà 4.2 péré ló jẹrà gan-an.

Ẹ ta okùn ìwọ̀n láti etí òrùlé wálẹ̀, kí ẹ wọn àlàfo tó wà láàrin okùn àti ògiri ní gbogbo ibi tí hatıl wà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó tún nílò rẹ̀. Bí ikùn ògiri bá ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ láàrin mítà 3, ẹ dá iṣẹ́ dúró kí ẹ wá ẹnjiníà tó mọ ògiri òkúta. Iṣẹ́ ọ̀hún ti kọjá pípààrọ̀ igi.

Ibi tí ògiri bá ti là, ẹ lẹ POP tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára.

*Àyẹ̀wò:* bí POP bá là láàrin oṣù kan, ògiri ṣì ń rìn. Ìpìlẹ̀ ló ń dà yín láàmú, kì í ṣe hatıl.

Ìpele 3: Ẹ ti òrùlé lẹ́yìn

Bí igi òrùlé bá gùn lé ògiri tí ẹ fẹ́ ṣí, ẹ gbé pákó nínípọn sábẹ́ wọn nínú mọ́sálásí, ní bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sí ògiri, kí ẹ fi òpó onírin tì í. Ìsàlẹ̀ òpó náà gbọ́dọ̀ wà lórí pákó, kì í ṣe lórí ilẹ̀ pákó mọ́sálásí lásán tí ẹ kò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣejù. Wọ́n á yí òpó títí òrùlé yóò fi gbéra. Òrùlé tó gbéra máa ń fa ògiri, àwọn àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ kùn sára ògiri inú, tí wọ́n ń pè ní kalem işi, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ẹ yí i títí pákó òkè yóò fi kan igi pinpin, tí ìwé pélébé kò fi ní lè kọjá láàrin wọn. Kí ẹ dúró níbẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi ọwọ́ gbá òpó kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ mì, kò sì gbọdọ̀ sí ìlà tuntun kankan lára ògiri inú.

Ìpele 4: Ẹ pín ojú iṣẹ́

Èyí ni ọkàn iṣẹ́ náà. A kì í ṣí ju sẹ̀ǹtímítà 120 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí ni pé òkúta tó wà lókè ihò tí kò fẹ̀ máa ń so mọ́ra wọn bí àfárá, wọ́n á gbé ara wọn ró. Bí ihò bá ti fẹ̀ jù, àfárá náà á já.

Ẹ pín mítà 4.8 náà báyìí: 120, 60, 120, 60, 120. Àwọn tó jẹ́ 120 ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gan kí ẹ tó padà wá sórí àwọn 60. Nígbà tí ẹ bá ń ṣí ojú iṣẹ́ 60, ẹ ó tún ṣí 30 ní apá ọ̀tún àti 30 ní apá òsì rẹ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ tún jẹ́ 120. Igi márùn-ún ni yóò jẹ́, gbogbo wọn sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120.

Ẹ ya fọ́tò ojú ògiri, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára òkúta kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ yọ ẹsẹ̀ òkúta kan ṣoṣo tó wà lókè igi, kì í ṣe méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ayùn gé igi jíjẹrà náà ní ègé sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, kí ẹ máa fà wọ́n jáde. Ẹ má fi òòlù ńlá gbá a, ẹ má sì lo ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn ló ń mú kí òkúta wẹ́wẹ́ inú ògiri ṣàn wálẹ̀ bí àgbàdo tó ya àpò.

Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ sì rí i pé inú ògiri ń dà jáde, ẹ yára fi òkúta pẹlẹbẹ àti láìmù dí ẹnu ibẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì gbá ihò náà mọ́, kí ẹ wọ́n omi díẹ̀ sára òkúta. Omi ẹ̀rọ tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ sì ṣètò iṣẹ́ yín kí ọjọ́ Jímọ̀ má baà bá ihò kankan ní ṣíṣí nígbà tí jámáà bá kún inú mọ́sálásí.

*Àyẹ̀wò:* òkúta òkè ihò kò gbọdọ̀ mì bí ẹ bá fi ọwọ́ tì í. Ẹ ta okùn ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí nọ́ńbà bá ti yí padà, ẹ má tíì fi igi sí i, ẹ fi òpó kékeré tì í ná.

Ìpele 5: Ẹ gé igi àti ahọ́n rẹ̀

Igi márùn-ún tí kò so mọ́ra kì í ṣe hatıl. Igi márùn-ún lásán ni. Ohun tó ń sọ wọ́n di ọ̀kan ni ahọ́n, ìyẹn ibi tí ìdajì igi kan ti gun ìdajì èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 30.

Àṣìṣe tí àwọn káfíńtà sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á gé ahọ́n lókè àti nísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí tábìlì. Nígbà tí wọ́n bá dé ara ògiri, igi kò ní wọlé, nítorí pé iwájú ni a ti ń ti igi wọ inú ihò, a kì í ti òkè. Bí ẹ ó ṣe gé e nìyí:

Igi àwọn ojú iṣẹ́ 120: ẹ gé ìdajì iwájú kúrò ní ìkangun rẹ̀ tó kọjú sí ojú iṣẹ́ 60, sẹ̀ǹtímítà 30 ní gígùn, sẹ̀ǹtímítà 5 ní jíjìn, kí ìdajì ẹ̀yìn ṣẹ́ kù bí ahọ́n. Igi àwọn ojú iṣẹ́ 60: ẹ ṣe òdìkejì, ẹ gé ìdajì ẹ̀yìn kúrò ní ìkangun méjèèjì. Èyí á wá wọlé láti iwájú, yóò sì bo ahọ́n méjèèjì tó ń dúró dè é. Ní ìkangun iṣẹ́ yín ní apá méjèèjì, igi àtijọ́ tó dáa ni ẹ ó gé ìdajì iwájú rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì gé ìdajì ẹ̀yìn igi tuntun níbẹ̀, kó lè gùn lé e.

Ní ibi tí ahọ́n bá ti pàdé, bóòtù méjì oní-mílímítà 10, tí ó jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 15, ni kí ó dì wọ́n. Irin lásán kò dáa níbí: omi inú kestane àti óákù máa ń jẹ irin, igi á dúdú yí ìṣó ká, nígbà tó bá sì yá, ìṣó á di ìyẹ̀fun.

Ẹ fi omi bóráàsì (borax, tó ń dènà kòkòrò àti ìjẹrà) fọ gbogbo igi, pàápàá jù lọ ojú tí ẹ gé, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má kun ún ní ọ̀dà dúdú. Ọ̀dà máa ń ti ọ̀rinrin mọ́nú.

*Àyẹ̀wò:* ẹ to igi márààrún sórí ilẹ̀, kí ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ mú ìkangun kan kí ẹ fà á. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé yín, kí ahọ́n kankan má sì ṣí.

Ìpele 6: Ẹ tẹ́ igi, ẹ sì fún òkè rẹ̀ pinpin

Ẹ po láìmù 1 mọ́ yanrìn 2½, fi korobá wọ̀n ọ́n. Kó le débi pé bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, á dì, omi kò sì ní jò. Ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ ihò ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2.

Igi ìdábùú ni ó kọ́kọ́ ń wọlé. Ẹ ti gé ojú kékeré sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí abẹ́ rẹ̀ níbi tí yóò ti jókòó lé igi òde àti igi inú. Ẹ tì í wọlé kó ga díẹ̀, ẹ ti igi òde wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó gbá igi òde mú bí ìkọ́. Ìdábùú kan ní sẹ̀ǹtímítà 50-50. Láti dè é mọ́ igi inú, ẹ ṣí ihò tó tó sẹ̀ǹtímítà 20 níhà inú. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé àwòrán ló wà níbẹ̀, tàbí míhírábù ló wà níwájú yín, ẹ má fọwọ́ kan ojú inú. Ẹ lo ìdábùú àtijọ́ bó bá ṣì dáa, tàbí kí ẹ fi bóòtù gígùn dè é láti òde.

Ó wá ku àlàfo òkè igi, tó máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá òkúta padà. Bíríkìlà tó ń kánjú á fi láìmù nìkan kún un. Láìmù máa ń súnkì bó ṣe ń gan, àlàfo tó tinrin bí èékánná á ṣí sílẹ̀ lókè igi, ògiri á sì sọ̀ kalẹ̀ láti dí i. Ikùn tuntun dé nìyẹn. Òkúta pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi kún un: ẹ fi òòlù gbá wọn wọlé ní gbígbẹ, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, títí tí ìró òòlù yóò fi yí padà láti *kọ̀kọ̀* sí *gan-an*. Ìgbà náà ni kí ẹ tó wá fi láìmù dí ojú tó ṣẹ́ kù. Ibi tí ahọ́n wà ní ojú iṣẹ́ 120, níwájú rẹ̀ tó ṣì ṣófo, ẹ fi òkúta pẹlẹbẹ dí i fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ fi àpò tútù bo ibẹ̀ fún ọjọ́ 7. Kí ẹ tó ṣí ojú iṣẹ́ tó kàn, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ 7 náà pé. Bí òtútù bá wálẹ̀ sí ìwọ̀n 5 tàbí kó dín, ẹ má po láìmù rárá. Lórí òkè Anatolia, ìyẹn túmọ̀ sí pé láti Oṣù Karùn-ún sí Oṣù Kẹsàn-án ni iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe.

Wọ́n á tún máa bi yín pé kí ló dé tí ẹ ò fi kọnkéré sí i kó lè tètè parí. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún wọn: igi gígùn méjì inú hatıl fún ògiri mítà 10 kò ju 0.2 mítà kúbíìkì lọ, bíi kílò 120 ni. Kọnkéré tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó nípọn ní 15, fún mítà 10 kan náà, ju kílò 2,000 lọ. Gbogbo rẹ̀ á wà lórí òkúta tí amọ̀ so pọ̀, bí ilẹ̀ bá sì mì, igi á tẹ̀ tẹ̀lé ògiri, kọnkéré á gbá a.

*Àyẹ̀wò:* lẹ́yìn ọjọ́ 7, èékánná kò gbọdọ̀ lè wọ inú láìmù náà. Ẹ gbá igi tuntun, kó dún *gan-an* láti ìkangun dé ìkangun. Ibi tó bá dún ṣófo, òkúta pẹlẹbẹ kò dé ibẹ̀.

Ìpele 7: Igun ògiri

Bí ìjẹrà bá dé igun, ẹ fi í sí ìgbẹ̀yìn. Ní igun, igi òde àti igi inú ògiri kan máa ń gun ti ògiri kejì, ojú mẹ́rin ni wọ́n ti pàdé. Gbogbo ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ ara wọn. Wọ́n sábà máa ń rí ojú òde kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí igi tó kàn jókòó légbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ògiri kan ni kí ẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má sì ṣí ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ láti igun.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ta okùn ìwọ̀n sí ojú méjèèjì igun náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ parí. Nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Ìpele 8: Ojú òde

Ẹ fi láìmù dí àárín òkúta, kí ẹ jẹ́ kí ojú igi náà wà ní gbangba. Afẹ́fẹ́ ló ń gbẹ ẹ́. Bí àwọn àgbà abúlé bá ní àwọ̀ funfun làwọn fẹ́, ẹ po omi láìmù fún wọn, kì í ṣe ọ̀dà onírọ́bà. Ẹ tú òpó inú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyípo kan lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún.

*Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn:* ẹ padà wá lẹ́yìn tí òjò dídì àkọ́kọ́ bá ti yọ́. Ẹ gbé ìwé tí ẹ kọ ní Ìpele 2 dání, ẹ ta okùn ìwọ̀n ní ibi kan náà gan-an, kí ẹ sì ki mítà ọ̀rinrin bọ igi márààrún, pàápàá níbi tí ahọ́n ti pàdé. Bí ìkankan nínú wọn bá kà ju 20 lọ, ẹ lọ wo etí òrùlé tó wà lókè rẹ̀ gan-an kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri.